Ìyá Ọkọ Kò Sí Nínú Òfin

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n Màmá Kí-ló-fà-á kì í dúró dìgbà tó bá ń lọ síbì kan kó tó béèrè. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́ nílé ara rẹ̀, á béèrè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó wà ní kékeré. Nílé ẹlòmíràn, ìyá ló máa ń sá fún ìbéèrè ọmọ. Nílé tiwọn, ọmọ ló ń sá fún ìbéèrè ìyá. Kí ló fà á tí tíṣà yín fi wọ bàtà tuntun? Kí ló fà á tí ajá aládùúgbò ò fi gbó lónìí? Orúkọ náà mọ́ ọn lára títí àwọn tó ń ránṣọ fún fi ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀, kò sì bínú. Ó ní orúkọ tó bá ti jẹ́ òótọ́ kì í ṣe èébú.

Ọmọ náà ti dàgbà báyìí, ó ń tún fíríìjì ṣe, ó sì ti fẹ́yàwó. Iṣẹ́ tí ìyàwó ń ṣe gan-an ló wá bá Màmá lẹ́nu mu: awakọ̀ bàálù ni. Ẹ rò ó wò ná. Ẹni tó ń wádìí ìdí tí ajá ò fi gbó, wọ́n wá fún un ní ìyàwó ọmọ tó ń gbé odindi ilé onírin fò lójú sánmà. Ṣé ẹ rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á jókòó sílé tirẹ̀? Kò ju oṣù mélòó kan lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó tí Màmá fi ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, tó da aṣọ bò ó, tó sì wá kí wọn.

Bọ́ọ̀sì ló gbé e wá, ṣùgbọ́n bàálù ló máa gbé e padà, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló sì máa wà á. Màmá ò wọ bàálù rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó ti sọ fún ẹni tó ń ta bọ́tìnì fún un, ó ti sọ fún dókítà tó ń wo ojú rẹ̀, ó sọ fún ọkùnrin tó jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì títí oorun fi gbé onítọ̀hún lọ. Ìyàwó ọmọ òun ló máa gbé òun relé. Bó bá ti sọ ọ́ tán, á tún un sọ.

Ìrìn àjò yẹn ní ohun tó jẹ́ fún ìyàwó náà. Látìgbà tó ti ń wa bàálù, ìjókòó igbákejì ló ń jókòó sí. Lọ́tẹ̀ yìí, olùdánwò kan ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀, á máa wò ó láti ìgbà tí bàálù bá gbéra títí táyà á fi kan ilẹ̀. Bó bá yege, ó di ọ̀gá awakọ̀ nìyẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí rẹ̀. Irú olùdánwò bẹ́ẹ̀ ò sì pọ̀. Bó bá ti lọ, ìgbà tó tún máa yà síbẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ilé tí Màmá bá wọn kò tóbi. Pálọ̀ kan, ilé ìdáná tí èèyàn méjì ò lè bá ara wọn kọjá níbẹ̀, àti yàrá méjì tó kọjú síra. Pátákó ni ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín yàrá méjèèjì, ọ̀kan nínú àwọn pátákó náà sì máa ń ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Yàrá ìyàwó ló kọ́kọ́ gba ojú Màmá. Kọ́tìnnì dúdú ló wà lójú fèrèsé, wọ́n fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́ ògiri, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọlé láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Màmá ò lè fojú aránṣọ wo irú iṣẹ́ rádaràda bẹ́ẹ̀. Kó tó tú ẹrù rẹ̀, ó ti já kọ́tìnnì yẹn sílẹ̀, ó fi aṣọ mìíràn tẹ́ ẹ nínú, ó fi ọwọ́ rán etí rẹ̀ kó gùn sí i. Nígbà tó gbé e padà, ọ̀sán gangan di òru nínú yàrá. Ìyàwó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Màmá ní kò tọ́pẹ́, kó ṣáà sọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ̀sán dòru fóun.

Orí tábìlì oúnjẹ ni wọ́n ti dá a lóhùn. Ọmọ rẹ̀ ní òfin ni. Ó ní iye wákàtí wà tí awakọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá lẹ́nu iṣẹ́ lóòjọ́, ó wà fún oṣù, ó wà fún ọdún. Bó bá sì ti sọ̀ kalẹ̀, dandan ni kí wọ́n fún un ní ìsinmi tó gùn tó kó fi sùn dáadáa, kì í ṣe oorun orí àga. Ìyàwó máa ń wa ọkọ̀ lóru nígbà mìíràn, ìdí nìyẹn tó fi ń sùn lójúmọmọ. Nínú ìsinmi yẹn, ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ ò gbọdọ̀ pè é.

Màmá ní ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà ńkọ́? Wọ́n ní òun náà ò gbọdọ̀ pè é. Bó bá kàn fẹ́ béèrè ibi tó gbé gègé sí? Kó lọ ra òmíràn. Bí iná bá ń jó ilé rẹ̀? Kó pe àwọn panápaná, awakọ̀ bàálù kì í paná. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn gan-an, pé ọmọbìnrin kékeré yìí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, gbogbo ọ̀gá tó wà nílé iṣẹ́ sì ń fi ìka sẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ló béèrè èyí tó gbẹ̀yìn. Ta ló wá ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó sùn lóòótọ́?

Ìyàwó ló dáhùn. Ó ní kò sẹ́ni náà. Òfin lè fún èèyàn ní wákàtí, ó lè fún un ní bẹ́ẹ̀dì, kò lè bá a pa ojú dé. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa sọ. Bí kò bá sùn, kó pè wọ́n kó ní òun ò sùn, wọ́n á wá ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́ nítorí ẹ̀. Màmá mi orí, ó ní òfin tó dáa ni. Ó ní bí ẹni tí kì í ṣe ará ibi iṣẹ́ bá wá dí i lọ́wọ́ ńkọ́, ẹni bí òun fún àpẹẹrẹ?

"Màmá," ni ọmọ rẹ̀ wí, "wọn ò kọ ìyá ọkọ sínú òfin."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń bu iyọ̀ sínú tíì rẹ̀. Ó rò ó pọ̀, ó gbé e mu, kò sì mọ̀ pé iyọ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ò rí i. Màmá rí i.

Ibi tí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyàwó bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ó rí i pé ojú ọmọ náà pọ́n lẹ́yìn tó bá ti inú yàrá jáde. Ó rí i pé ó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ṣí fíríìjì, ó dúró síbẹ̀ títí òtútù fi ń fẹ́ sí i lára, ó sì pa á dé láìmú nǹkan kan. Kí ló fà á? Ẹni tí wọ́n fún ní wákàtí, tí wọ́n fún ní òkùnkùn tí Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ rán, kí ló fà á tí oorun ò fi kún ojú rẹ̀?

Màmá kọ́kọ́ rò pé oyún ni. Inú rẹ̀ dùn sí èyí, ó wo ìdí ìyàwó, ó wo ọrùn rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó rò pé bóyá tọkọtaya ń jà lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ń bá ara wọn ṣeré bí ọmọ ilé ìwé. Ó wá rò pé fóònù ni, pé bóyá ó ń wọ yàrá lọ máa tẹ fóònù bí gbogbo ọmọ ayé ìsinsìnyí. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dà bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀nà mìíràn ju kéèyàn lọ gbọ́ fúnra ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà ṣe bọ́ bàtà, tó ń yọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí ológbò. Ẹ má bi mí bóyá ojú ń tì í. Ojú ò tì í.

Pátákó ké.

"Mà?" Ohùn ìyàwó já gaara láti inú yàrá. "Ẹ pè mí ni, mà?"

Màmá ní rárá o, kó máa sùn. Ó padà sí pálọ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún yọ́ lọ. Ó yẹ pátákó tó ń ké yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n egungun orúnkún rẹ̀ dún. "Mà?" Ó tún padà. Lọ́jọ́ kejì, ikọ́ lásán ló wú. "Mo ń bọ̀, mà." Ohun tó wá ń ya Màmá lẹ́nu ni pé ohùn yẹn kì í ṣe ohùn ẹni tí wọ́n jí. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ọmọ yìí wà nínú òkùnkùn, ó la ojú sílẹ̀ kedere, ó ń dúró de nǹkan. Kí ló ń dúró dè?

Ti ìgbálẹ̀ náà tún wà. Màmá mọ̀ pé ó ń rẹ ìyàwó, ó wá pinnu pé òun á máa bá a gbálẹ̀ kó tó jí, kó má bàa sí iṣẹ́ kankan nílé tó máa dúró dè é. Àánú ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n kò tíì gbálẹ̀ dé ìdajì pálọ̀ rí tí ilẹ̀kùn yàrá fi ń ṣí, tí ìyàwó á yọ, gèlè ìsùn lórí, ojú pípọ́n, á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Á ní ẹ fi sílẹ̀, mà. Màmá á ní kó fi sílẹ̀ fóun. Wọ́n á jọ máa fa ìgbálẹ̀ kan mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí ìyàwó á fi gbà á. Lọ́jọ́ kejì Màmá á tún tètè jí ju ti àná lọ kó lè parí ẹ̀ kí ìyàwó tó gbọ́. Ìyàwó náà á sì tètè gbọ́ ju ti àná lọ. Ẹ wo bí àwọn èèyàn rere méjì ṣe ń fi ìfẹ́ pa ara wọn.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ìyàwó ti fò lóru, ó wọlé ní ìdájí, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni olùdánwò máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀, tí Màmá náà máa wọ bàálù rẹ̀ relé. Ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó kí Màmá, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Màmá jókòó sí pálọ̀, ó dákẹ́ bí ọ̀wọ̀n. Ó rántí pé fọ́nrán òwú kan ti yọ lára aṣọ tóun fẹ́ wọ̀ lọ, ó sì dìde lọ wá sísọ́ọ̀sì nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná.

Sísọ́ọ̀sì kọ́ ló rí. Nylon kéékèèké ló rí, wọ́n pọ̀, fóòmù méjì méjì tó rí ṣóńṣó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ò tíì já ọ̀kan rí. Ó mú ọ̀kan, ó ń yí i po lójú ìmọ́lẹ̀. Kò tíì mọ ohun tó lè jẹ́ tí ìyàwó fi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Dúrọ́ọ̀ ló gbọ́.

Màmá ò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó gbé nylon náà sókè, ó ní kí nìyí. Ìyàwó ní ibi iṣẹ́ ló ń fún àwọn. Ó ní fóòmù etí ni, èèyàn á fún un pọ̀, á tì í bọ etí, á wú síbẹ̀, bí ilé bá sì wó, onítọ̀hún ò ní gbọ́. Màmá ní áà, ọgbọ́n ń bẹ nílé ayé.

"Kí ló fà á tó ò fi lò ó?"

Ìyàwó wo ilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

"Bí ẹ bá wá pè mí ńkọ́, mà?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Màmá létí, ó sì wọ̀ ọ́ lára. Láti ọjọ́ tó ti ń béèrè ìbéèrè láyé yìí, kò sí èsì tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ọmọ yìí ń dúró dè nínú òkùnkùn nìyí. Ilé iṣẹ́ ńlá, pẹ̀lú gbogbo ọ̀gá rẹ̀, ò tó ẹni tí í jí i. Òun kàn gbé ẹsẹ̀ lé pátákó, ó jí i. Kì í tilẹ̀ ṣe pé ó ń jí i. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kò jẹ́ sùn kí ìyá ọkọ máa dá rìn kiri ilé. Wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Màmá ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀, kí ni wọ́n pa lówe nípa ìyá tó ní ọmọ ò ní sùn? Kò rántí ọ̀kan. Àwọn àgbà ló ń pa òwe, wọn ò jẹ́ pa irú ẹ̀ mọ́ ara wọn.

Ó ní kí ìyàwó lọ ki fóòmù bọ etí, òun ò ní pè é. Ìyàwó ní ó dáa, mà. Ó wọlé lọ. Nígbà tí Màmá wo orí tábìlì, fóòmù wà níbẹ̀ nínú nylon rẹ̀.

Òun ló wá dá ọgbọ́n. Tí òun bá wà nílé, ọmọ yìí ò ní sùn. Tí òun bá sọ pé òun ń jáde, á ní òun máa sìn ín. Nítorí náà kò ní sọ. Pápákọ̀ bàálù náà ló ń lọ nírọ̀lẹ́, ṣé ó burú bó bá ti ọ̀sán lọ? Ó gbé báàgì rẹ̀, ó mú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bàtà sí ọwọ́, ó fara ra ògiri kọjá pátákó, ó fa ilẹ̀kùn ìta dé jẹ́jẹ́. Inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀. Fóònù rẹ̀ wà lórí ìjókòó pálọ̀ níbi tó ti ń gba iná.

Ní pápákọ̀ bàálù, Màmá wọ Párádísè. Ẹ fojú inú wò ó: gbogbo ibi tó yíjú sí, nǹkan tí kò yé e ni. Ó bi obìnrin tó ń wọn ẹrù bóyá wọ́n máa ń wọn èèyàn náà. Ó bi ẹni tó ń nu ilẹ̀ ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, onítọ̀hún ní agboòrùn àti eyín. Ó rí ọkùnrin kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún bàálù ṣe, tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn yanran, tó ń gba afẹ́fẹ́ nídìí gíláàsì, ó bi í bóyá bàálù náà máa ń sùn. Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ní ọ̀nà kan, bó bá ti fò dé ìwọ̀n kan, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á tú u wò, kò sẹ́ni tó máa fi í fò títí wọ́n á fi ní ó yá. Màmá ní ṣé bàálù ò lè sọ fún wọn pé kò sí nǹkan tó ṣe òun? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní bàálù kì í parọ́. Màmá fi ìyẹn sápò. Ó jókòó, ó ń wo bàálù tó ń gbéra, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ọmọ náà ń sùn báyìí.

Sùn kẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé. Nígbà tí ilé dákẹ́, tó dákẹ́ lóòótọ́, oorun gbé ìyàwó lọ, irú èyí tí kò sùn láti ọjọ́ tí Màmá ti dé. Kò pẹ́ rárá. Ọmọ Màmá rántí ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó ní kóun béèrè bóyá ó ti di ẹrù. Ó pè é. Fóònù ń dún ní pálọ̀, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè. Ìyàwó fò dìde. Ó pe Màmá, kò gbọ́ ohùn. Ó wo yàrá kejì, ó wo ilé ìdáná, ó wo ibi ìwẹ̀. Ilẹ̀kùn ìta ò tì. Ó sáré bọ́ síta pẹ̀lú sálúbàtà ilé, ó ń bi oníṣọ́ọ̀bù dé oníṣọ́ọ̀bù bóyá wọ́n rí ìyá àgbà kan tó ń béèrè ọ̀rọ̀. Kò rọrùn láti sá kiri nínú oòrùn lẹ́yìn tó ti fò lóru. Ìgbà tí ẹni tó ń tún bàtà ṣe létí ọ̀nà fi ní òun rí i, pé ó bi òun ní ìdí tí gìgísẹ̀ òsì fi máa ń jẹ ju ti ọ̀tún lọ kó tó wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí pápákọ̀ bàálù, àkókò iṣẹ́ ti kù díẹ̀ kó tó.

Màmá rí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá fi mọ́tò gbé e, tí wọ́n ń sáré bọ̀. Ìyàwó ti wọ yunifọ́ọ̀mù. Bó ṣe rí Màmá, ó dúró, ó fọwọ́ gbá àyà mú, ó ní ẹ ṣé, Olúwa. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ láti kí i, ó sì di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú kó tó lè dìde. Ọmọ ti ń bínú, ó ń bi ìyá rẹ̀ pé kí ló fà á. Màmá ò gbọ́ tirẹ̀. Ojú aránṣọ ló fi ń wo ṣẹ́ẹ̀tì ìyàwó. Bọ́tìnì òkè bọ́ sínú ihò kejì, èkejì bọ́ sínú ìkẹta, títí dé ìsàlẹ̀, apá kan kọ́là gùn ju èkejì lọ. Ọmọ tó máa ń lọ aṣọ rẹ̀ títí á fi mú bí ọ̀bẹ.

Màmá fà á sún mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnì náà, ó ń dè é padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè bóyá ó sùn. Ìyàwó ní òun sùn, mà. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe òun, òun á mu kọfí, olùdánwò ti dé, ó ti wà lókè. Màmá de bọ́tìnì tó kẹ́yìn.

"Ká ní ẹlòmíràn ló fẹ́ wa ọkọ̀ yìí," ni Màmá wí, "tí ojú rẹ̀ rí báyìí, tó de bọ́tìnì rẹ̀ báyìí, ṣé wàá jẹ́ kí n wọ̀ ọ́?"

Èrò ń kọjá lọ́tùn-ún lósì wọn. Ìyàwó wo Màmá, ó wo ilẹ̀kùn tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé. Ó mi orí díẹ̀ báyìí, pé òun ò ní jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Ó fa fóònù yọ, ó kí ẹni tó gbé e, ó dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wá sọ ọ́. "Mi ò sùn. Mi ò lè wa ọkọ̀ lónìí." Ẹni náà ò bi í ní ìdí kankan. Ó ní ó ṣeun tó sọ ọ́, kó máa lọ sílé, wọ́n á wá ẹlòmíràn. Ìdánwò tó ti ń retí látọjọ́ tó pẹ́, ó parí bí ẹni pa iná.

Inú mọ́tò ló ti sunkún. Ó sunkún bí ọmọdé, kò fi pa mọ́, ọkọ rẹ̀ ń wakọ̀, ó ń fi ọwọ́ kan pa á léjìká. Ó ti bẹ Màmá kó máa lọ, ó ní ẹni tó máa wa bàálù náà ti sùn, ọwọ́ rẹ̀ dá múṣé. Màmá ní òun mọ̀. Ó ní òun ò wá láti wọ bàálù, ìyàwó ọmọ òun ló máa gbé òun, ìgbà tó bá yá, kó yá. Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì náà sínú báàgì rẹ̀, ó sì sọ ohun tí kò rọrùn fún àgbà láti sọ fún ọmọ. Ó ní kó má bínú, òun lòun fà á.

Ìyàwó nu ojú. "Ẹ̀yin kọ́, mà. Èmi ni mi ò lè di etí mi sí yín."

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí wọ́n délé. Ìyàwó mú fóòmù etí lórí tábìlì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń yí i po lọ́wọ́. Ó wá ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó pàṣẹ fún ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ wá dùbúlẹ̀ síbí, mà. Bí mo bá mọ ibi tẹ́ ẹ wà, mo lè di etí mi."

Màmá wọlé, ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Òkùnkùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán bo àwọn méjèèjì. Ó gbọ́ bí ìyàwó ṣe ń fún fóòmù pọ̀, tó tì í bọ etí ọ̀tún, tó tì í bọ ti òsì. Kò pẹ́ tí ìbéèrè kan dìde sí Màmá lọ́fun. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá bàálù máa ń mì bó bá wọ inú ìkùukùu, àti ìdí tó fi ń mì. Ìbéèrè gidi ni, ó dára, ó ń ta á lẹ́nu bí ata. Ó yíjú sí ìyàwó. Ó gbé e mì.

Nígbà tó ṣe, ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Kì í ṣe híhanrun ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa rárá, híhanrun gidi ni, bí ẹni ń fa tábìlì lórí ilẹ̀. Màmá ò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Pátákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ké. Ọmọ rẹ̀ ló wá sí ẹnu ọ̀nà.

"Màmá?" ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ jẹun? Màmá, ṣé ẹ ti sùn ni?"

Màmá gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó sùn là ń jí. Màmá Kí-ló-fà-á pa ojú dé, ó fi ọwọ́ kan lé ọwọ́ ìyàwó, ó sì ń pirọrọ.